Ó kàn tẹ̀ka ni

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ, ìwọ tí o pe ara rẹ ní "Ọlọ́gbọ́n-Owó, Àjàṣẹ́", ṣùgbọ́n gbolóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O sọ ọ́ sí àárín iye owó bí ẹni tó ń ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà: "Àkáǹtì kẹfà wà lórúkọ ìyá mi ní Kétu, nítorí pé báńkì náà kì í fún ẹnì kan ní ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn kò le, ó kàn tẹ̀ka ni." Bí o ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni o padà sídìí ìṣirò rẹ.

Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, n ó sọ ohun tó kù nínú lẹ́tà náà ní ṣókí. Télọ̀ ni arákùnrin yìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin wa níbí; Kétu ti ilẹ̀ Benin náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Láàárín oṣù mọ́kànlá ó ti ṣí àkáǹtì mẹ́fà, mẹ́rin ní báńkì, méjì ní àwọn ilé ìfowópamọ́ kéékèèké. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. 120,000 sẹ́fà kan náà ni ó ń gbé kiri láti ibì kan dé ibòmíràn, nítorí pé ibì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan fa oníbàárà tuntun mọ́ra: 2,500 níhìn-ín, 3,000 lọ́hùn-ún, 1,000 fún ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá, agbòòrùn kan, ẹ̀wù méjì tí wọ́n tẹ orúkọ báńkì sí láyà. Gbogbo owó ẹ̀bùn náà di 23,500 sẹ́fà. Ìbéèrè rẹ̀ ni bóyá kí òun ṣí ìkeje, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn báńkì tí òun ti ní àkáǹtì sí tẹ́lẹ̀ ti gbé ẹ̀bùn 5,000 jáde fún oníbàárà tuntun tó bá fi 100,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta. Ó sì fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, pé ìwé ìdánimọ̀ ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Jẹ́ kí n yára dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé òun ni o rò pé o ń béèrè. O kọ iye tí o gbà, o sì kọ iye tí o ná, ṣùgbọ́n ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o kọ wọ́n sí, wọn kò sì fojú kan ara wọn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ò ń lọ sí Kútọnú nítorí àwọn àkáǹtì yìí, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ 1,500. Ìgbà méjìlélógún nìyẹn ní oṣù mọ́kànlá, 33,000 sẹ́fà. O ní o máa ń ra òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Dantokpa nígbà mìíràn tí o bá débẹ̀. Ó dára, n kò ní rẹ́ ọ jẹ, a ó ka ìdajì sí ọrùn iṣẹ́ ìránṣọ, ó ku 16,500. Méjì tí o kọ́kọ́ ṣí ń yọ 1,000 lóṣooṣù lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, nítorí káàdì àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ: 22,000. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 38,500. Ohun tí o gbà jẹ́ 23,500. Ọlọ́gbọ́n-Owó, 15,000 sẹ́fà ni o fi ra agbòòrùn kan àti ẹ̀wù méjì tí o kò lè wọ̀ lọ síbi òde, a kò sì tíì ka àwọn ọ̀sán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà ní títì, tí ẹni tó gbé aṣọ ọdún wá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, tó sì gba ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lọ.

N kò sọ pé ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀bùn. Èlé tó kéré jù tí òfin báńkì àpapọ̀ wa, BCEAO, fi lélẹ̀ fún ìwé ìfowópamọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí a jọ ń ná sẹ́fà yìí jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn 3,500 lórí 100,000 tó bá jókòó fún odidi ọdún kan. Nítorí náà ẹni tí wọ́n bá fún ní 5,000 láàárín oṣù mẹ́ta ti rí jẹ. Bí owó ẹni bá ti jókòó tẹ́lẹ̀, tí báńkì náà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó gba ẹ̀bùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó pa àkáǹtì náà dé, kí ó máa lọ. N kò ní bá a jà. Kódà kò ní ná an ní kọ́bọ̀ láti pa á dé, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni BCEAO ti pàṣẹ pé kí àwọn báńkì máa ṣe iṣẹ́ mọ́kàndínlógún lọ́fẹ̀ẹ́, ṣíṣí àkáǹtì àti pípa á dé sì wà lára wọn, títọ́jú ìwé ìfowópamọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó ń jẹ ọ́ lówó kì í ṣe ìwé ìfowópamọ́ lásán. Àkáǹtì oníṣẹ́kì, ti sọ̀wédowó, ni wọ́n tà fún ọ pẹ̀lú káàdì àti àwọn nǹkan mìíràn lára rẹ̀, o sì buwọ́ lù ú nítorí pé ojú rẹ wà lára agbòòrùn. Àwọn kan ní ìdí gidi láti pín owó wọn sí báńkì méjì tàbí mẹ́ta: bí báńkì kan bá wó, 1,400,000 sẹ́fà ni àpò ìdójútòfò owó tí àwọn orílẹ̀-èdè wa jọ ní lè dá padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún má ṣe kó gbogbo rẹ̀ síbì kan. Ìwọ ní 120,000. Kí ni ò ń pín?

Àmọ́ ẹni tó bá pàdánù 15,000 á tún ríṣẹ́ ṣe, kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe mú kálámù. Lẹ́tà kẹta irú èyí nìyí tí mo gbà láàárín ọdún kan. Obìnrin kan fi orúkọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣí tirẹ̀; nígbà tí ọmọ náà kọ́ṣẹ́ tán, tó gba ìyọ̀ǹda, tó sì lọ sí báńkì láti ṣí àkáǹtì àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, wọ́n ní ó ti ní ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ó sì ti jẹ gbèsè. Ọkùnrin kan lo ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí àìsàn. Àwọn méjèèjì ló ní orúkọ lásán ni. Orúkọ lásán, ní ilẹ̀ tí a ti ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ!

Ìwọ fúnra rẹ ni o ṣàpèjúwe ọjọ́ náà, n kò sì rò pé o mọ ohun tí ò ń kọ. O ní ọjọ́ Sátidé ni, pé ìyá rẹ ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí o dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti yíǹkì tí òṣìṣẹ́ báńkì kan yá ọ. O ní kí ó wá tẹ̀ka síbí. Ó gbé àáfọ́ igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó tẹ̀ka, ó sì yára padà sídìí agbada kí gàrí má baà jóná. "Kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan," bẹ́ẹ̀ ni o kọ ọ́, bí ẹni pé ẹ̀rí rere ni fún ọ. Kí ni ìbá béèrè? Ọmọ rẹ̀ ni ó gbé ìwé wá. Ká ní àlejò ni, ìbá ti ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ kí ó wá bá a kà á, gàrí ìbáà di èédú.

Nínú lẹ́tà kan náà yìí ni o ti ń fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. O ní ó ń fi owó ṣòfò lọ́dọ̀ alájọ, 200 lójoojúmọ́, tí alájọ sì ń mú ti ọjọ́ kan lóṣù. Jẹ́ kí a jọ wo òfò náà. Ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà lára káàdì alájọ. Bí ó bá ti san 200, alájọ á fa igi kan. Bí káàdì bá kún, 6,200 ti wọlé, òun á gba 6,000, alájọ á mú 200 tó kù fún ẹsẹ̀ tó fi ń rìn wá bá a nídìí agbada lójoojúmọ́, òjò ìbáà máa rọ̀. (Mo mọ̀ pé alájọ mìíràn máa ń sá lọ. Ọ̀kan gbé owó oṣù méjì mi lọ nígbà tí mo ṣì ń tajà, bí mo bá sì rí i lónìí, n ó dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn.) Ìyá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ igi kà. Bí o bá jí i lóru tí o bi í pé èló ni òun ní lọ́wọ́ alájọ, á dá ọ lóhùn kí ojú rẹ̀ tó là tán. Wá bi í pé èló ni òun ní ní báńkì. Kò mọ̀ pé òun ní báńkì. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà, tìrẹ ni. Káàdì náà, àpò rẹ ló wà. Nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìka nìkan ni ti ìyá rẹ.

O ní o ti yọ ẹ̀bùn 2,500 tí wọ́n fi sí àkáǹtì ìyá rẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì, o sì fi àkáǹtì náà sílẹ̀ lófìfo. Ṣé o ti padà lọ wò ó? Káàdì wà lára ọ̀kan yìí náà, ìwọ ni o sọ bẹ́ẹ̀. Bí báńkì bá ń ka owó lóṣooṣù sórí àkáǹtì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, gbèsè ni ó ń hù níbẹ̀, orúkọ obìnrin tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí ni ó sì ń hù sí.

Ẹ̀mí ìyá rẹ á gùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń darúgbó, báńkì tó bá sì gbọ́ pé oníbàárà òun ti kú á ti àkáǹtì rẹ̀ pa títí àwọn ajogún á fi kó ìwé wá. O ní ẹ̀yin márùn-ún ni ìyá yín bí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó sórí ẹní láti pín ẹrù rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin bá rí ìwé báńkì nínú àpótí aṣọ, tàbí tí báńkì bá pe yín, ìwọ nìkan ni o máa lè ṣàlàyé, ta ni yóò sì gbà ọ́ gbọ́ pé 2,500 péré ni ó wọ ibẹ̀ rí? Mo ti rí ọmọ ìyá tó kọ ẹ̀yìn síra wọn nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ fún ohun tó nídìí. Lọ sí Kétu, má fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, lọ mú un fúnra rẹ. Sọ òtítọ́ fún un nílé kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ó lè bínú sí ọ láìsí ojú àlejò níbẹ̀. Ní báńkì, wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, wọn kò wọ́n ní Àjàṣẹ́, kí ó sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ohun tó wà lórúkọ rẹ̀, kí ìwọ sì pa ẹnu mọ́. Gbèsè tí ẹ bá bá níbẹ̀, ìwọ ni o máa san án. Òun ni yóò sọ bóyá kí wọ́n pa á dé tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ sí i, kí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì dá 2,500 rẹ̀ padà sínú rẹ̀ ní ìṣojú rẹ̀.

Nínú márùn-ún tìrẹ, fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé kí aṣọ tó tutù lójú áyọ̀ọ̀nù, kí o sì pa mẹ́rin yòókù dé.

Ó ku ìkeje. Báńkì tó gbé 5,000 náà jáde ní oníbàárà tuntun ni òun ń fún, ìwọ sì ti wà lọ́dọ̀ wọn láti oṣù kejì, o kì í ṣe tuntun mọ́. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tí o ti kọ orúkọ ẹni tí o fẹ́ fi ṣí i. Ibi tí o ti sọ pé ìwé ìdánimọ̀ ìyàwó rẹ ti jáde nìkan ni mo rí. Fi lẹ́tà yìí hàn án.