Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kí omi tó tún ya lu Kerr County?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. San Antonio ní Texas lèmi àti ọkọ mi ń gbé, a ti fẹ́ẹ̀ rìtáyà, a wá rí ilé kan tó wù wá nítòsí Kerrville, ní Kerr County. Ó jìnnà díẹ̀ sí odò Guadalupe, odò kékeré kan ló wà lẹ́yìnkùlé, àmọ́ gbígbẹ ló sábà máa ń gbẹ. Éjẹ́ǹtì tó ń tà á ní Zone X ni lórí máàpù omi tí ìjọba yà, báǹkì ò ní bèèrè flood insurance (ìbánigbófò omíyalé), àti pé irú omi ọdún 2025 yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún kan ló ń wá, ó di ayé àwọn ọmọ ọmọ wa. Ṣé homeowners insurance (ìbánigbófò ilé) tá a fẹ́ rà ò ti tó báyìí? Èló sì ni flood insurance ọ̀hún?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn ti homeowners kí n lè ráyè ja ìjà tí mo fẹ́ jà. Kò tó. Bí ìjì bá ṣí òrùlé tí òjò wá gba ibẹ̀ wọlé, homeowners lè san án, àmọ́ tómi bá ti ń gba orí ilẹ̀ bọ̀ tó wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọn ò ní fún yín ní kọ́bọ̀.

Èwo wá ni ọgọ́rùn-ún ọdún? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Àwọn oníbàárà ń sọ ọ́, àwọn éjẹ́ǹtì ilé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ń sọ ọ́, wọ́n á sì fi ojú tó mọ́ kedere sọ ọ́ bí ẹni pé omi bá wọn ṣe àdéhùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní "100-year flood" ni omi tó jẹ́ pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 100 ló fi ṣeé ṣe kó dé. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan o! Ó dé léṣìí, ìdá 1 nínú 100 yẹn náà ló tún wà lọ́dún yìí, kò dín rárá. Bíi Baba Ìjẹ̀bú ni, nọ́ńbà tó jáde lánàá, wọ́n á dá a padà sínú àwọn yòókù, ó tún lè jáde lónìí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, lọ jókòó. Tẹ́ ẹ bá wá ro ó pọ̀ fún 30 ọdún téèyàn fi ń san mọ́géèjì, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé, ó tó nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. Ilé mẹ́rin tó wà létí ìlà omi yẹn, ká kúkú máa retí pé omi á ti wọ ọ̀kan nínú wọn kí gbèsè tó tán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìlà, tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ.

Tẹ́ ẹ ò bá gba ìṣirò, ẹ wo ìtàn Guadalupe fúnra ẹ̀. Omi ńlá wá ní 1932. Ní August 1978, ìyókù ìjì Amelia rọ̀jò sórí àgbègbè òkè yẹn, èèyàn tó lé ní 30 ló kú ní Texas. Ní July 1987, omi gba bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ kúrò ní camp ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Comfort, ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò kan náà, mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ yẹn ló kú. Ó wá kan July 4, 2025, odò yẹn fi bí ẹsẹ̀ bàtà 26 ga sókè láàárín ìṣẹ́jú 45, òṣùwọ̀n omi tó wà ní Hunt, ní Kerr County, kọjá ẹsẹ̀ bàtà 37, ó ju ti 1932 lọ, èèyàn tó kú ní Kerr County nìkan sì lé ní 100. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló pé ìwọ̀n 100-year flood nínú ìwé ìjọba o, àmọ́ ẹ bá mi ka ọdún tó wà láàárín wọn, 46, 9, 38. Èwo ló sún mọ́ ọgọ́rùn-ún níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ìbàdàn, ẹ rántí Ògùnpa ní 1980, ṣé omi dúró di 2080 ni, àbí ní 2011 ló tún pa èèyàn n'Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni. Afẹ́fẹ́ olómi máa ń wá láti Gulf of Mexico, ó máa kọlu òkè tí wọ́n ń pè ní Balcones Escarpment, òjò á wá rọ̀ bí ẹni da garawa, bẹ́ẹ̀ òkúta ló pọ̀ jù nílẹ̀ ibẹ̀, erùpẹ̀ orí ẹ̀ fẹ́lẹ́, omi ò ríbi wọ̀, gbogbo ẹ̀ á yí lọ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣàdédé di ibi tí wọ́n ń pè ní Flash Flood Alley, ọ̀nà omíyalé òjijì.

Ó wá ku Zone X yín. Máàpù FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù, fa ìlà sí ibi tí omi ìdá 1 nínú 100 yẹn lè dé, ilé tó bá wà nínú ìlà ni báǹkì ń fipá mú pé kó ra flood insurance. X ló kù síta. Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn, kò sọ pé omi ò ní wá. Ní ìgbèríko gan-an, X mìíràn wà níbẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó lọ wọn odò kéékèèké yẹn rí ni, owó ìwádìí ò tó, ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n. Odò gbígbẹ ẹ̀yìnkùlé yín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo àlàyé tẹ́ ẹ ṣe. Àti pé wọ́n lè yọ ilé kúrò nínú ìlà tí onílé bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Camp Mystic, camp àwọn ọmọbìnrin létí Guadalupe, tí ọmọdé àti olùtọ́jú 27 ti kú ní 2025, ilé iṣẹ́ ìròyìn AP gbé e jáde pé FEMA ti gba ẹ̀bẹ̀ wọn ní 2013, 2019 àti 2020, wọ́n yọ bí 30 nínú ilé wọn kúrò lórí máàpù. Omi ò ka lẹ́tà yẹn.

Ní ti iye, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ láìrí àdírẹ́sì, ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín lórí WhatsApp, irọ́ ló ń pa. Láti October 2021 ni ètò flood insurance ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP ò ti fi zone díye lé e mọ́, bí ilé ṣe sún mọ́ omi, bó ṣe ga tó àti iye tó máa ná wọn láti tún un kọ́ ni wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n lè san ò kọjá $250,000 lórí ilé àti $100,000 lórí ẹrù inú ilé, ẹrù sì rèé, ẹ máa dìídì rà á lọ́tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Wọn ò ní san owó hòtẹ́ẹ̀lì yín, mọ́tò ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin ará ìgbèríko sì fetí sílẹ̀, kànga, sọ́kàwéè àti ọgbà tẹ́ ẹ yí ilé ká ò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kan ń ta èyí tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi wọ́n wéra, àmọ́ pọ́lísì, ìyẹn ìwé àdéhùn insurance tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí, lẹ máa gbára lé, kì í ṣe ohun tí mo kọ síbí, n kì í ṣe lọ́yà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìjọba á ran yín lọ́wọ́. Àfi tí ààrẹ bá kéde àjálù kí FEMA tó lè fúnni lówó, iye tó ga jù fún àtúnṣe ilé ní ọdún ìṣúná 2025 sì jẹ́ $43,600, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i gbà pé. SBA, àjọ ìjọba fún okòwò kéékèèké, tí wọ́n tún máa ń dárúkọ, ẹ̀yáwó ni tiwọn, ẹ máa san án padà.

Ọjọ́ 30 ni pọ́lísì NFIP fi ń dúró kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má retí kí redíò kéde ìjì kẹ́ ẹ tó pè mí. Tẹ́ ẹ bá rà á mọ́ mọ́géèjì kí ọjọ́ closing, ọjọ́ tí ilé máa di tiyín, tó pé, ọjọ́ closing náà ló máa bẹ̀rẹ̀. Tí onílé bá sì ti ní pọ́lísì NFIP lọ́wọ́, ẹ bèèrè bóyá ó lè gbé e lé yín lọ́wọ́, ìgbà míì ó máa ń dín owó kù.

Láti September 2019 ni òfin Texas ti ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ gba ìwé yẹn, kẹ́ ẹ kà á, ẹ má jẹ́ kí éjẹ́ǹtì kà á fún yín. Ẹ tún ní kí onílé kọ̀wé sí FEMA fún ìtàn gbogbo owó tí wọ́n ti san lórí ilé náà, òun nìkan ni wọ́n máa dá lóhùn, wọn ò ní fún yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò tó ti pẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ibi tómi dé lára ògiri ní 1987. Tí onílé bá ní òun ò ráyè kọ̀wé sí FEMA, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tọwọ́ bọ ìwé kankan.