Áàpù Mẹ́ta Péré, Laptop Dì Gbagidi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. RAM (àyè ìrántí tí laptop fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) gígábáìtì 4 ló wà nínú laptop mi. Bí mo bá ti ṣí áàpù tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, tí mo ṣí ti ìpàdé, tí mo sì ṣí èyí tí mo fi ń kọ kóòdù, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, gbogbo rẹ̀ á sì dì gbagidi. Ṣé ó ti gbó ni? — Olùkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sọ pé ó gbó. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe kọ àwọn áàpù náà. Electron, irinṣẹ́ ìkọ áàpù tí ilé iṣẹ́ GitHub bẹ̀rẹ̀ ní 2013 lábẹ́ orúkọ Atom Shell, ni wọ́n fi ṣe Slack àti Discord tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, Visual Studio Code tí a fi ń kọ kóòdù, àti ọ̀pọ̀ irú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ohun tí wọ́n kọ bí ojú ìwé ayélujára, kí ó sì dì í pọ̀ mọ́ odidi Chromium, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ aṣàwákiri Chrome lé. Ó dà bí àlejò tó ru àdògán, ìkòkò àti igi ìdáná wá sílé yín, nígbà tí iná yín ti ń jó lọ́wọ́. Àlejò mẹ́ta, àdògán mẹ́ta.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager, tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows hàn, lè ṣí, kí ẹ sì tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ áàpù kan. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìlà ló wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ọ̀kan ń darí, òmíràn ń gbé fèrèsé, òmíràn ń ya àwòrán, olúkúlùkù sì ń gba RAM tirẹ̀. Nígbà tí RAM bá kún, Windows á máa kó ẹrù lọ sórí dísìkì, tí kò yára tó RAM rárá. Ibẹ̀ ni dídì yẹn ti ń wá.

N kò bá àwọn ẹgbẹ́ kékeré tó ń kọ áàpù wí, nítorí kóòdù kan ṣoṣo ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ilé iṣẹ́ ńlá ni mò ń bá wí, torí owó tí wọn kò ná ni àwa ń fi RAM, bátìrì àti dátà san. Wọ́n sì lè tún un ṣe: ní 2023, Microsoft yọ Teams, áàpù ìpàdé rẹ̀, kúrò lórí Electron, ó gbé e sórí WebView2, tí ń lo ẹ̀ńjìnnì Edge, aṣàwákiri Microsoft fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ pé RAM tó ń jẹ dín sí ìdajì.

Ní tiyín, ẹ ti áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ àti ti ìpàdé pa, kí ẹ sì máa ṣí méjèèjì nínú aṣàwákiri kan náà, kí wọ́n lè jọ dáná lórí àdògán kan. Nínú Task Manager kan náà, ẹ yọ wọ́n kúrò lára àwọn tó ń ṣí fúnra wọn bí ẹ bá tan laptop. Bí owó bá wà, ẹ bi alátùn-únṣe yín bóyá àyè wà láti sọ RAM náà di 8, torí lára àwọn laptop kan, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.