Kí ni ìtumọ̀ orúkọ "Light Crust Doughboys"?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹgbẹ́ tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ orin Western swing ní Texas fi ń jẹ́ Light Crust Doughboys? Ṣé owó ni "dough" yẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, fúláwà ni. Lóòótọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa pe owó ní dough, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ yìí ti wá. Light Crust lorúkọ fúláwà tí ilé iṣẹ́ Burrus Mill ń lọ̀ ní Fort Worth. Crust ni èèpo ara búrẹ́dì. Light, pé kò ki. Doughboy ní tirẹ̀ jẹ́ ìnagijẹ sójà ẹlẹ́sẹ̀ ti Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, bẹ́ẹ̀ fúláwà tí a ti fi omi pò náà ni dough. Ìpolówó ọjà ni orúkọ yẹn látòkèdélẹ̀.

Ní 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò KFJZ: Bob Wills ń ta gòjé òyìnbó, Herman Arnspiger ń ta gìtá, Milton Brown ń kọrin. Gòjé ijó abúlé ni wọ́n pò mọ́ blues àti jazz àwọn aláwọ̀ dúdú. (Kò tíì sẹ́ni tó ń pè é ní Western swing nígbà náà, ó di bí i 1940 sókè.) Orin náà ò kọ́kọ́ wu W. Lee O'Daniel, ọ̀gá wọn ní Burrus Mill. Nígbà tó gbà, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ilé fúláwà mọ́ orin. Wills ń wa ọkọ̀ ẹrù!

Ibi tí wàhálà ti dé ni pé ilé iṣẹ́ ló ni orúkọ. O'Daniel ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣeré lóde ijó, bẹ́ẹ̀ òde ijó ni owó wà. Brown fi wọ́n sílẹ̀ ní 1932, ó dá Musical Brownies sílẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni Bob Dunn ti fi steel guitar oníná (gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀) gba orin sílẹ̀ ní 1935. Mọ̀lẹ́bí gìtá yẹn náà ni Demola Adepoju ta nínú jùjú Sunny Adé.

Ní 1933, lẹ́yìn tí ọtí ti mú kí Wills máa pa ètò rédíò jẹ, wọ́n lé e. Ó kọjá sí Waco, ìlú mìíràn ní Texas, ó ń polówó ẹgbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "àwọn tó jẹ́ Light Crust Doughboys tẹ́lẹ̀ rí". Burrus Mill pè é lẹ́jọ́, wọ́n béèrè $10,000, Wills ló jàre. Ní 1934 ó gba Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń jẹ́ Texas Playboys.

Orúkọ fúláwà ṣẹ́ kù sílé, ni wọ́n bá ń kó olórin mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Marvin Montgomery, oníbánjò, wọlé ní 1935, ó sì ń bá wọn ṣeré títí ó fi kú ní 2001.