Aràn funfun inú ikùn ẹja Titus: ṣé ẹja náà ti rà ni?

Ìbéèrè: Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ta ẹja yíyan àti ẹja díndín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo la ikùn ẹja Titus kan, mo sì bá àwọn nǹkan funfun tó ká bí òrùka lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó dúró tì mí ní ìdin ni, pé ẹja mi ti rà. Ṣé kí n da páálí ẹja náà nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ìyá wa, ẹ ó jèrè. Ìdin kọ́ ni ẹ rí. Ọmọ eṣinṣin ni ìdin, ara ohun tí eṣinṣin bá yé ẹyin sí ló ti ń jáde; ṣùgbọ́n aràn ni tiyín yìí, ó sì ti wà nínú ẹja náà láti ìgbà tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Anisakis ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ẹja ń pè é. Bí ẹ bá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú u, yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, yóò sì tín-ínrín bí òwú ìránṣọ. Bí ẹja bá rà, òórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tó jìn wọnú àti ẹran rẹ̀ tó rọ̀ jù ni yóò fi hàn yín.

Inú àbùùbùtán àti dọ́fíìnì ni aràn yìí ti ń dàgbà, tó sì ń yé ẹyin. Ẹyin náà á bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sínú òkun, ọmọ á jáde, edé wẹ́wẹ́ á gbé e mì, ẹja á jẹ edé, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, aràn náà á sì máa ṣí láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìdàgbà, títí àbùùbùtán mìíràn yóò fi gbé ẹja náà mì. Nítorí pé èyí tó bá wọ ara ẹja máa ń pẹ́ níbẹ̀, ẹja tó ti dàgbà sábà máa ń ní aràn ju ọmọ ẹja lọ.

Kò sì dá gbé ibẹ̀. Àwọn àfòmọ́ kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí, àwọn mìíràn wà nínú ìfun, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Oúnjẹ tí ẹja ń jẹ àti omi tó ti ń jẹ̀ ló ń pinnu irú èyí tí yóò kó, débi pé àwọn onímọ̀ lè fi àfòmọ́ mọ agbo ẹja kan yàtọ̀ sí òmíràn nínú òkun kan náà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Àrọ̀ tí a ń sìn ní Èkìtì níhìn-ín, tó jẹ́ pé oúnjẹ inú àpò ló ń jẹ, kò ní bá edé òkun pàdé, nítorí náà ẹ kò ní rí Anisakis nínú rẹ̀.

Ewu wà fún ènìyàn bí ó bá jẹ aràn náà láàyè: ó lè gún inú, kí ó sì fa inú rírun àti èébì. Ní ọdún 1960, onímọ̀ aràn kan tó ń jẹ́ van Thiel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn àwọn ará Họ́láǹdì tó jẹ ẹja òkun tí wọ́n kàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òtútù -20°C fún ọjọ́ 7 ń pa á, ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń ṣe sí wa, ẹ má gbára lé fírísà. Iná ààrò ni kí ẹ gbára lé: kí ẹ yan ẹja náà tàbí kí ẹ dín in títí ẹran ìdí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi funfun, tí yóò sì ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò tó.

Nítorí náà, ẹ má da páálí náà nù. Ẹ yọ gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ bí yìnyín bá ti yọ́ tán, kí ẹ sì gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ikùn kúrò, nítorí ibẹ̀ ni aràn sábà máa ń wọ̀ lọ. Bí oníbàárà kan bá sọ pé ara máa ń yún òun tàbí pé ojú òun máa ń wú lẹ́yìn tí òun bá jẹ ẹja òkun, ẹ má ta á fún un, àní bó tilẹ̀ jiná dáadáa: aràn tó ti kú pàápàá lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, dókítà ló sì yẹ kí ó rí.