Ìdí tí àwọn àgbà fi ń gbé ọ ṣubú nínú roda

Àbúrò, o ní ó ti di ọdún méjì tí o ti ń kọ́ capoeira, eré ìjà Brazil tó dà bí ijó, ẹsẹ̀ rẹ yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ lọ, síbẹ̀ àwọn àgbà ń gbé ọ ṣubú nínú roda, agbo tí a ti ń ṣeré. O wá ń bèèrè bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní malícia, ìyẹn ọgbọ́n ẹ̀tàn inú eré, kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ìrẹ́jẹ kọ́. Èmi náà béèrè rí.

Salvador ni, ní Bahia, ní Brazil. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo ń bá ṣeré Angola, irú capoeira tí Mestre (ìyẹn ọ̀gá) Pastinha dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún níbẹ̀ lọ́dún 1941. Bàbá dá eré dúró lójijì, ó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ mi. Chamada nìyẹn: ó ń pè mí. Mo rìn tààrà lọ bá a. Kí n tó fọwọ́ kàn án, orí rẹ̀ ti dé ikùn mi. Kò kàn mí o, ó dá a dúró síbẹ̀ kí n lè rí i. Mo fò sẹ́yìn, mo gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló sì gbá. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Orí yẹn kọ́ ló gbé mi ṣubú. Ó ti mọ ibi tí màá sá gbà, ó sì ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣe yá tó, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe tètè bá wọn níbi tí wọ́n fẹ́. Lọ́dún 1890, òfin Brazil sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń múni dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé kò ní fi ọ̀nà tó fẹ́ gbà hàn ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá pè ọ́, má rìn lóòró lọ. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yí wọn ká, fi apá kan bo ojú, kí o máa ṣọ́ orúnkún àti orí wọn. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ọ lẹ́bàá berimbau, ọrun olókùn kan tí wọ́n fi ń dárin eré, pé eré ti parí, bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ kejì ṣì wà lójú rẹ. Ginga rẹ, ìgbésẹ̀ síwá-sẹ́yìn tí a fi ń ṣeré, ńkọ́? Tèmi ń lọ bákan náà ṣáá, ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta ti mọ èyí tó kàn. Odidi ọdún kan ni mo fi tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, má wọ roda. Gba agogo (orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ náà nìyẹn), jókòó ti àwọn onílù, kí o máa wo ẹsẹ̀ tí olúkúlùkù ń gbé ara lé bí àyà rẹ̀ bá já.