Èsì: Ohùn màmá tó há láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun, wọ́n wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ohùn tó bá ti há kọjá ọ̀sẹ̀ 4 ti kúrò ní ti oyin àti orógbó, àfi kí wọ́n wo inú ọ̀fun.

Ẹ ní ọjà Mushin ni wọ́n ti ń pariwo pe kọ́sítọ́mà látàárọ̀, ìyẹn gan-an máa ń fà á: tíṣà, kọ̀ńdọ́, pásítọ̀, gbogbo ẹni tó ń fi ohùn jẹun, tó bá wá tún ń mu sìgá ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà 1 nínú 13 ló ń ní ìṣòro ohùn lọ́dún ní Amẹ́ríkà.

Tí oúnjẹ bá tún ń há wọn lọ́fun, tàbí tí omi ń mú wọn wúkọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ lónìí, pàápàá tí rọpárọsẹ̀ bá ti kọlù wọ́n rí.