Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Fọ Èédú Inú Ilẹ̀, àti Ibi Tí Omi Dúdú Rẹ̀ Ń Lọ

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta nínú abala yìí ni ẹ̀yin òǹkàwé wa ti ń bi wá léèrè nípa èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. A mú mẹ́rin nínú àwọn ìbéèrè náà, àwọn tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń fọ èédú kí òkúta lè kúrò nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ wa sọ pé omi ni wọ́n fi ń ya èédú kúrò lára òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ju èédú inú ilẹ̀ sínú omi, rírì ló rì gẹ́gẹ́ bí òkúta. Báwo wá ni omi ṣe ń yà wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ rí yẹn tọ̀nà. Èédú igi tí a fi ń dáná máa ń léfòó nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn ihò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe ìwúwo omi ní 1, èédú tó mọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 1.3 sí 1.4, òkúta amọ̀ tó máa ń bá a jáde láti inú ilẹ̀ sì máa ń ju 2.2 lọ. Méjèèjì ni yóò rì, àmọ́ wọn kò ní rì bákan náà, orí ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣì ń lò ni wọ́n ń pè ní jig. Àpótí irin ńlá tí omi kún inú rẹ̀ ni, asẹ́ onírin ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọn á da èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, tòun ti òkúta rẹ̀, sórí asẹ́ náà, omi á sì máa ru sókè, á tún máa sọ̀ kalẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Nígbàkígbà tí omi bá gbé ẹrù náà sókè tó sì fi í sílẹ̀ láti jókòó padà, èyí tó wúwo ni yóò ṣáájú dé ìsàlẹ̀. Kí ẹrù náà tó rìn dé òpin àpótí, èédú ti gun òkè, òkúta ti wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì gbà jáde. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń fi igbá méjì yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fadà ti rí ọgbọ́n tó wà nídìí jig. Ní 1892, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Fritz Baum ṣe é kí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ ni yóò máa ti omi náà lọ sókè sódò, dípò ọ̀pá irin, títí di òní sì ni ọ̀pọ̀ jig fi ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀.

Níbi tí jig ti máa ń kùnà ni òkúta tó ní èédú lára, èyí tí ìwúwo rẹ̀ wà láàárín méjì. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ń mú omi fúnra rẹ̀ wúwo. Wọn á lọ magnetite, òkúta dúdú kan tí irin kún inú rẹ̀, títí yóò fi kúnná dáadáa, wọn á sì pò ó mọ́ omi. Magnetite wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, nítorí náà bí wọ́n bá ṣe ń fi kún un tó ni àpòpọ̀ náà yóò ṣe máa wúwo tó. Bí wọ́n bá mú un dé 1.5, èédú tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.35 yóò léfòó gan-an, òkúta yóò sì rì sísàlẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀nà yìí ni bí wọ́n ṣe ń gba magnetite padà, nítorí olówó iyebíye ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó bá ẹrù lọ. Èédú àti òkúta á gba orí asẹ́ tó ń gbọ̀n kọjá, wọn á máa fọ́n omi tó mọ́ sí wọn lára, omi tó bá ṣàn sílẹ̀ lára wọn á sì lọ sí abẹ́ ìlù irin kan tí òòfà wà nínú rẹ̀. Bí ìlù náà ṣe ń yí ni magnetite ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tó bá ti yí dé apá ibi tí òòfà kò sí, magnetite á bọ́ sínú ọpọ́n tirẹ̀, wọn á sì tún fi ṣiṣẹ́.

Èyí tó ti kéré jù láti fúnra rẹ̀ rì kíákíá, inú cyclone ni wọ́n ń rọ òun àti omi magnetite sí. Agolo irin tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni cyclone. Agbára tí wọ́n fi rọ omi sí i yóò mú kí omi náà máa pòòyì, òkúta á sá mọ́ ògiri, á sì gba ìdí jáde, èédú á kó sáàárín, á sì gba òkè jáde. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà ìjọba orílẹ̀-èdè Netherlands ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940.

Ìyókù ni èyí tó ti di eruku, ìwúwo kò sì lè yà á mọ́. Ara èédú kì í gba omi, òróró ló máa ń gbà, òkúta amọ̀ ní tirẹ̀ a sì máa gba omi. Wọn á ta dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá, wọn á fi kẹ́míkà tó ń mú omi hó sí i, wọn á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀. Eruku èédú á lẹ̀ mọ́ ìfófó, á sì bá a gòkè. Bí ẹ bá dúró létí ọpọ́n náà, ìfófó dúdú tó ń dán lẹ ó rí tó nípọn lójú omi, àti àwọn abẹ́ irin tó ń yí jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń gbá a kọjá etí ọpọ́n sínú kòtò tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fún omi kúrò nínú rẹ̀. Amọ̀ kì í bá wọn gòkè. Yóò ṣẹ́ kù sínú omi nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi yẹn sọ́kàn, nítorí a ó tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oníṣòwò èédú ni mí ní Lọ́kọ́jà, apá Àńkpá sì ni ẹrù mi ti ń wá. Ilé iṣẹ́ kan dá ọkọ̀ mi padà, wọ́n ní eérú inú ẹrù náà ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Ṣáínà wá ń fi fọ́tò jig ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á o. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kò mọ èédú yín, ẹ̀yin pàápàá kò sì tíì mọ̀ ọ́n tó bó ṣe yẹ.

Orírun méjì ni eérú ní. Ọ̀kan wà nínú èédú láti ìgbà tó ti jẹ́ ewé àti igi nínú àbàtà, kò sì sí ẹ̀rọ ìfọ̀ kankan tó lè yọ ọ́. Èkejì ni òkúta tó dara pọ̀ mọ́ ọn, pàápàá nígbà tí katapílà bá họ kọjá èédú wọ inú amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí kò bá gbá ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kúrò tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Tó bá jẹ́ pé èyí ló fa ti yín, ẹni tó ń wa katapílà lẹ kọ́kọ́ ní láti bá sọ̀rọ̀, kò sì ní ná yín ní ìdá kékeré nínú owó ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èédú yín lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ bu díẹ̀ díẹ̀ láti inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ má kàn kó o láti orí òkìtì kan ṣoṣo. Wọn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn á po zinc chloride, irú iyọ̀ kan, mọ́ omi sínú àwọn garawa tí ìwúwo omi inú wọn yàtọ̀ síra, bíi 1.3, 1.4, 1.5, 1.6 àti 1.8. Inú ti 1.3 ni wọn á kọ́kọ́ da èédú sí. Èyí tó bá léfòó, wọn á kó o kúrò, wọn á ṣàn án, wọn á sá a gbẹ, wọn á sì wọ̀n ọ́n; èyí tó bá rì á lọ sínú garawa tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa ṣe títí dé ìkẹyìn. Wọn á wá jó díẹ̀ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan láti mọ iye eérú tó wà nínú rẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù bá léfòó ní 1.4 tí eérú rẹ̀ sì kéré, tí ìyókù sì rì ní 1.8, jig lásán ti tó yín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá wà láàárín, ní 1.5 sí 1.6, jig yóò máa gbé òkúta fún yín pẹ̀lú èédú, yóò sì máa da èédú yín nù pẹ̀lú òkúta.

Àwọn ará Íńdíà mọ ìṣòro yìí dunjú. Eérú inú ọ̀pọ̀ èédú wọn máa ń tó ìdá 30 sí 45 nínú 100, ó sì wọ inú èédú náà ṣinṣin tó fi jẹ́ pé fífọ̀ rẹ̀ ṣòro. Ní 1997 ìjọba wọn gbé àṣẹ kan jáde pé èédú tí yóò rìn ju 1,000 kìlómítà lọ sí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kò gbọ́dọ̀ ní eérú tó ju ìdá 34 nínú 100 lọ, àmọ́ ní 2020 wọ́n mú àṣẹ náà kúrò.

Ẹ tún rántí pé omi máa ń kù sára èédú tí a fọ̀, pàápàá èyí tó kúnná. Ẹ ó san owó ọkọ̀ lórí omi yẹn, ẹni tó bá sì rà á yóò kọ́kọ́ fi iná rẹ̀ gbẹ omi kó tó rí ooru lò.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, mo ti fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ rélùwéè, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Èédú Enugu la fi ń wa ọkọ̀ ojú irin láyé ìgbà kan. Kí ló dé tí Àjàòkúta kò fi lè lo òun náà? Ṣé wọn kò lè fọ̀ ọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ gbogbo. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú Enugu, ó sì dára fún iná. Ṣùgbọ́n ilé ìyọ́rin bíi ti Àjàòkúta nílò èédú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sè é láìsí afẹ́fẹ́, yóò rọ̀, yóò sì dì pọ̀ di òkúta líle tó lè gbé irin tó wà lórí rẹ̀ dúró. Ti Enugu kì í dì bẹ́ẹ̀. Òkúta ni fífọ̀ ń yọ kúrò, kò lè yí ìwà èédú padà. Èédú Obi, nítòsí Lafia, máa ń dì, àmọ́ eérú àti imí-ọjọ́ inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà a kò lè lò ó láìfọ̀ ọ́. Níbẹ̀ náà, imí-ọjọ́ tó wà nínú òkúta aláwọ̀ wúrà nìkan ni ẹ̀rọ lè rí yọ. Èyí tó ti di ara èédú náà kò ní kúrò. Ilé iṣẹ́ irin ti Aladja kò ní irú wàhálà yìí, nítorí gáàsì ni wọ́n gbé iṣẹ́ tiwọn kà.

ÌBÉÈRÈ: Ìlú Cardiff, ní Wales, ni mo ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi kó wọn lọ sí Aberfan, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ṣé òótọ́ ni pé ìdọ̀tí inú èédú ló pa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀? Wọ́n sì ń sọ pé wọn yóò kọ́ ilé ìfọ èédú sítòsí abúlé wa nílé.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní October 21, 1966, òkìtì ìdọ̀tí tí ilé ìwakùsà kó jọ sórí òkè tó wà lókè Aberfan yọ̀, ó ya wọ ìlú, ó sì bo ilé ẹ̀kọ́ Pantglas. Ènìyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Orí ìsun omi ni wọ́n kó òkìtì náà lé, ẹrọ̀fọ̀ kíkúnná tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ èédú sì wà lára ohun tí wọ́n dà síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí fi ẹ̀bi náà lé National Coal Board lórí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ni ilé ìwakùsà náà, ní 1969 sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bírítéènì ṣe òfin lórí irú àwọn òkìtì bẹ́ẹ̀.

Omi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ẹ̀rọ kì í pa ìdọ̀tí run. Ó kàn ń gbé e kúrò nínú èédú sínú omi ni, omi náà sì gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ní Buffalo Creek, ní West Virginia ní Amẹ́ríkà, ìdọ̀tí èédú gan-an ni wọ́n kó jọ ṣe odi láti sé irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́ àfonífojì kan. Ní February 26, 1972, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ pípẹ́, odi náà ya. Ènìyàn 125 ló kú, ó sì ju 4,000 lọ tí kò nílé lórí mọ́. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe irú èyí ní àmúwá Ọlọ́run, nítorí ènìyàn ló mọ odi yẹn.

Ọ̀nà tó sàn jù ti wà. Wọn á kó omi dúdú náà sínú ọpọ́n ńlá olóbìírípo, wọn á fi kẹ́míkà tó ń mú amọ̀ dì sí i, apá irin gígùn kan á sì máa yí nísàlẹ̀ rẹ̀ láìkánjú láti máa gbá ẹrọ̀fọ̀ lọ sí àárín. Omi tó mọ́ á ṣàn láti etí ọpọ́n padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹrọ̀fọ̀ náà, wọn á fi ẹ̀rọ ìfúnmi tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ tó láti kó sínú ọkọ̀, kò sì ní sídìí fún adágún mọ́. Owó tó ń ná ni ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń sá fún un.

Kẹ́míkà náà tún wà níbẹ̀. Ní January 9, 2014, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ èédú jò láti inú àgbá kan létí odò Elk, ní West Virginia kan náà, ó sì wọ ibi tí àwọn ará Charleston ti ń fa omi ẹ̀rọ wọn. Wọ́n ní kí nǹkan bí 300,000 ènìyàn má ṣe mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì fi wẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn oníṣẹ́ bá pe abúlé yín sí ìpàdé, ẹ má jẹ́ kí ó parí sórí iye àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ra ẹ̀rọ ìfúnmi tàbí adágún ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Bó bá jẹ́ adágún, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fi mọ odi rẹ̀, ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò òjò, àti ìlú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gba orúkọ kẹ́míkà wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi bí ibi tí àgbá rẹ̀ yóò wà ṣe jìnnà tó sí odò tí ẹ ń pọn hàn yín lórí ilẹ̀, kì í ṣe lórí ìwé nìkan.